Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Onímọ́tò Ìdógùn: Ẹ́ńjìnì Ni Tàbí Táyà?

Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìdógùn lọ sí Ọ̀wọ̀ lójoojúmọ́, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti iṣẹ́ kan lọ, kí ni kí ó fi ṣe? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni yóò ní kí a fi agbára kún ẹ́ńjìnì, nítorí pé a ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í dún àfi bí ó bá ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba ìlọ́po mẹ́rin ilẹ̀ tí èyí tí ó ń sá 50 ń gbà kí bíréèkì tó dá a dúró. Bí ọmọdé bá sáré bọ́ sí títì, agbára ẹ́ńjìnì kò lè fi ẹsẹ̀ bàtà kan dín ilẹ̀ yìí kù. Táyà tí ojú rẹ̀ ti dán sì ń fi kún un, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kì í ṣe ọkọ̀ eléré púpọ̀. Bí ó ti ń gba kòtò mọ́ra ni àwọn awakọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, táyà ni kí ó ṣáájú. Kí olùrà wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT: 3221 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2021 ni a ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè dára lójú kí ó sì ti gbó. Bíréèkì ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì àti búṣì. Bí ọkọ̀ kò bá lè gun òkè mọ́, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ fítà afẹ́fẹ́ àti púlọ́ọ̀gì wò. Àìsàn ni ìyẹn, owó ìwòsàn rẹ̀ kò sì tó ti ẹ́ńjìnì.