Àgbájọ Ọwọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Grambling Kọ́ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú ìlú wa)

Ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó wà nílẹ̀, ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà ni mo sì fẹ́ fi dá sí i.

Ní àríwá Louisiana, ní 1896, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn wọn lè rí ìwé kà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Booker T. Washington ní Tuskegee fún ìrànlọ́wọ́, ó sì rán Charles P. Adams sí wọn. Ní 1901 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí. Láti 1946 ni ó ti ń jẹ́ Grambling.

Ní 1941 ni Eddie Robinson, ọmọ ọdún 22, dé ibẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa yìí. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, tí a ń gbé mọ́ àyà sáré, tí àwọn alátakò sì ń gbá ni mú lulẹ̀. Robinson kò ní igbákejì tí a ń sanwó fún. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gé koríko pápá, òun ni ó ń fa ìlà sí i. Nínú ìdíje 8 ti ọdún àkọ́kọ́, wọ́n borí ní 3, wọ́n pàdánù 5.

Ṣùgbọ́n ní 1942, ìdíje 9 ni wọ́n ṣe, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó rí ẹyọ ayò kan ṣoṣo jẹ lára wọn.

Ẹ rántí pé òfin ìyàsọ́tọ̀ wà lórí wọn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní gúúsù ilẹ̀ náà kò ní ta oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú, nítorí náà wọ́n a máa di oúnjẹ lọ sí ìrìn-àjò. A tún máa ń sọ pé nígbà tí bàbá kan dá àwọn ọmọ rẹ̀ dúró sí oko òwú, Robinson kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ sí oko náà, wọ́n bá a ká òwú rẹ̀ tán, ó sì yọ̀ǹda àwọn ọmọ.

Ogun kò jẹ́ kí ayọ̀ náà pẹ́. Ní 1943 àti 1944 wọn kò gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ṣùgbọ́n wọn kò jókòó ti ìyìn àná. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1949, Paul Younger, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ ẹgbẹ́ Los Angeles Rams. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá wọn, NFL. Ní 1955, wọ́n borí nínú ìdíje 10 láìpàdánù ọ̀kan. Nígbà tí Robinson fẹ̀yìn tì ní 1997, ìdíje 408 ni ó ti borí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn kan láàrin wa ń wí pé kí a má fọwọ́ kan pápá títí ilé-ìkàwé yóò fi parí. Òtítọ́ ni wọ́n sọ: owó ẹgbẹ́ kò pọ̀, ìwé ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Èmi náà kò ní kí a mú kọ́bọ̀ kan kúrò nínú owó ilé-ìkàwé. Ohun tí Grambling fi hàn wá ni pé ibi tí owó kò bá dé, ọwọ́ lè dé ibẹ̀. Àdá àti ọkọ́ kò wọ́n nílé wa. Mo dá a lábàá pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan Sátidé kan lóṣù láti ro pápá náà, kí a sì yan àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí ariwo ìṣípàdé bá ti rọlẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ìlú wa ó máa gòkè. Àṣẹ.