Ìpara Tó Ń Fi Làpálàpá Pamọ́

Àwọn àgbà máa ń bú ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ẹ má bínú, làpálàpá gan-an la fẹ́ pa lónìí, torí ọ̀pọ̀ wa ni kì í pa á bó ṣe yẹ.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: ara ń yún èèyàn, ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní tíúbù kan, wọ́n ní, “Kò sóhun tí kò lè wò.” Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò yún un mọ́. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Ẹ yí tíúbù yẹn sẹ́yìn, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ara ẹ̀. Tí ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára nìyẹn.

Sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣe ọ̀tá o. Àwọn dókítà máa ń kọ ọ́ fún eczema, torí ó máa ń mú kí awọ tó ń yún rọlẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń gbèjà ara ló ń mú rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fungus ló sì ń fa làpálàpá. Tí ọdẹ bá ti sùn, olè ráyè nìyẹn. Yíyún á lọ, làpálàpá á máa fẹ̀, etí ẹ̀ tó rí róbótó á parẹ́, débi pé dókítà gan-an lè má tètè dá a mọ̀. Tinea incognito ni wọ́n ń pè é.

Clobetasol yìí kan náà ló wà nínú ìpara tí àwọn kan fi ń bó ara. Tó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ á bo ojú, ilà á yọ sí itan, ilà yẹn kì í sì í lọ tán.

Kí ni ká wá lò? Clotrimazole tí kò ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ má dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí yíyún bá lọ. Tó bá ta yín gan-an tàbí tí ara wú, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ọmọdé ni làpálàpá wà, ìpara nìkan ò lè ká a. Oògùn mímu ni dókítà máa kọ.

Tó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi sítẹ́rọ́ìdì para, ẹ má jáwọ́ lójijì. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Tíúbù wo ló wà nínú yàrá yín báyìí? Ẹ kà á kí ẹ tó tún fi para. Ó dìgbà o.