Ṣílè Ọlọ́pẹ: Bí A Ṣe Ń Ka Ara Owó Àtijọ́

Owó inú àpótí àwọn ìyá wa ni mo bá wá: ṣílè tó ní igi ọ̀pẹ lára. Kí ẹ tó tà á fún oníṣòwò nǹkan àtijọ́, kí alágbẹ̀dẹ tó yọ́ ọ ṣe òrùka, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á.

Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní 1913, ṣílè rẹ̀ jáde. Orúkọ ọba wà lójú kan. Lójú kejì, ẹ ó rí ọ̀pẹ, BRITISH WEST AFRICA, ONE SHILLING àti ọdún. Ẹ wá lẹ́tà wínníwínní níbẹ̀: H jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN jẹ́ ti Kings Norton. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ orúkọ ọba, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí GEORGIVS, tí V jókòó sípò U. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pe èyí ní àṣìkọ ayédèrú, irọ́ ni.

Ọdún ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù lọ. Ojúlówó fàdákà, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ṣílè ọlọ́pẹ nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n gógó, ní 1920 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo idẹ. Nítorí náà, bí ṣílè bá funfun bí fàdákà, tí 1925 sì wà lára rẹ̀, ẹ fura. Ọba George Karùn-ún wàjà ní January 1936: bí orúkọ rẹ̀ bá wà pẹ̀lú 1938, kò sí ìjọba tó tẹ irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀níní (owó kékeré) EDWARDVS VIII ti 1936 kì í ṣe ayédèrú, bí ọba náà tilẹ̀ fi oyè sílẹ̀ láìtíì dé adé.

Idẹ yìí ló ṣílẹ̀kùn fún ayédèrú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀dèjì Olúkòjù tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde ní 2000 lórí bí wọ́n ṣe rọ owó ayédèrú ní Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì wà nínú ìtàn náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ idẹ dà tipẹ́. Ìdà náà ló sì ń tú àṣírí: ẹnu lẹ́tà á rọ̀, ihò bí ojú abẹ́rẹ́ á wà lójú owó, ìlà etí rẹ̀ á sì jẹ níbi kan. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Gíráàmù 5.66 ni ṣílè fàdákà tuntun. Èyí tó ti gbó lè dín díẹ̀, kò gbọdọ̀ lé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: àwọn ará Ṣáínà náà mọ̀ pé lẹ́tà nìkan kò tó. Wọ́n á tẹ orúkọ alágbẹ̀dẹ àti ìlú sára ìṣù fàdákà tí wọ́n ń ná kí wọ́n tó pa á tì. Olùyẹ̀wò á tún fi yíǹkì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára. Lónìí, òjé tí wọ́n fi fàdákà bò ń ru orúkọ alágbẹ̀dẹ tó ti kú. Kí lẹ́tà, ọdún àti irin fohùn ṣọ̀kan ni mò ń wí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Dúdú tó há sáàárín lẹ́tà wà lára ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ fi bébà wé e, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí bébà náà.