Nígbà Tí Ọ̀dá Owó Bá Dé, Ta Ni A Ń Di Ẹ̀bi Rù?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ọ̀jọ́)

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní ohun tó ń dà wá láàmú kò ju pé àjèjì ti pọ̀ jù ládùúgbò yìí. Ó ní àwọn Àgànyìn láti Kútọnu ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gba iṣẹ́ wa, àwọn Ìgbò sì ti gba Àlàbá. Ó dábàá pé kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n má gba àjèjì síṣẹ́ mọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Èsì wa rèé.

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, a mọ̀. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa ti rí. Ṣùgbọ́n títì Badagry tó gba iwájú wa kọjá yìí lè jẹ́rìí sí irú àbá bẹ́ẹ̀.

Owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í já ní 1981. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣe òfin tó dín ọjà òkèèrè kù. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ohun èèlò òkèèrè ṣiṣẹ́ kò rí ìwé àṣẹ gbà bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n ń ní kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé, ìsinmi tí kò lówó nínú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò rí owó oṣù gbà. Wàrà, ṣúgà àti ìrẹsì di ohun tí à ń tò fún, èyí tí à ń pè ní ẹ̀sẹ́ńkò. Ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́dún 1983.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ará Gáná ló pọ̀ jù. Títì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Gáná fúnra rẹ̀ ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti 1982, nítorí náà wọn kò rí ọ̀nà kọjá. Ìta gbangba ni wọ́n ń sùn títí Gáná fi ṣílẹ̀kùn níparí oṣù náà. Àpò onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ni à ń pè ní Ghana-Must-Go títí dòní. A kò ní purọ́ fún yín, àwa náà wà létí títì. Awakọ̀ ń gba ìlọ́po owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń ta omi fún wọn kò ṣàánú wọn.

Ṣé iṣẹ́ wá pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ? Rárá o. Bí a ti ń tò fún ẹ̀sẹ́ńkò tẹ́lẹ̀ náà la ṣì ń tò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba. Ní 1984, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ onílẹ̀ sì ni wọ́n. Wọ́n tún lé àjèjì ní 1985. Ní 1986 ni SAP dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ní 1988, ìjọba Ọ̀gágun Babangida tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ NLC ká. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ẹ má rò pé àwa la kọ́kọ́ ṣe é. Ní oṣù kọkànlá 1969, nígbà tí gbèsè ti wọ Gáná lọ́rùn, Kofi Busia fún àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n lọ. Àwọn ara wa ló fara gbá a jù: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ṣakí, ará Ìnísà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bí ọmọ sí Kùmásí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Gáná kò tìtorí ìyẹn là. Ní 1971, Busia kan náà ṣòfin tó tú àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Gáná ká. Nígbà tó di oṣù kìíní 1972, ṣọ́jà lé òun náà.

Jámánì ló wá burú jù. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé ní 1929, ìjọba Jámánì gé owó oṣù, ó gé owó tí wọ́n ń fún aláìníṣẹ́. Ní 1932, nǹkan bí mílíọ̀nù 6 èèyàn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Hitler, tí kò ní ju àga 12 lọ nílé aṣòfin ní 1928, ní 230 ní oṣù keje 1932. Ó ní àwọn Júù ló fa ìyà náà. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀lé jù ń bá ara wọn jà nígbà náà. Hitler di olórí ìjọba ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní 1933. Ní oṣù kẹrin, wọ́n ti ń lé Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ó fi ọjọ́ òṣìṣẹ́ ṣe ìsinmi olówó, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì bá a yan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n já wọ gbogbo ọ́fíìsì ẹgbẹ́, wọ́n kó àwọn olórí wọn, wọ́n gba owó wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níhìn-ín ní 1975, ẹ fetí sí èyí. Lára ohun ìní tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Jámánì ni wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ Volkswagen àkọ́kọ́, èyí tí Hitler fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1938. Ọkọ̀ tí à ń pè ní Ìjàpá ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ní ti àwọn Àgànyìn, òótọ́ ni pé owó tí wọ́n ń gbà kéré sí tiwa. Ta ló ń san án fún wọn? Ọ̀gá náà ni. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún wọn, ó sì mọ̀. Àbá tiwa ni pé kí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹgbẹ́, àwọn àti gbogbo òṣìṣẹ́ ojúmọ́, kí a sì béèrè owó kan náà fún iṣẹ́ kan náà.

Àbá méjèèjì wà níwájú yín báyìí. A ó dìbò lé wọn ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé, kí ẹ sì mú káàdì ẹgbẹ́ yín dání.