Bísímílà Kò Wo Ẹran Aláìsàn Sàn

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Mowé, Ibafọ̀ àti Ifọ̀, bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé báwo ni a ṣe mọ̀ pé ẹran tí a jẹ lánàá jẹ́ halāl, èsì wa kò ju ọ̀kan lọ: Mùsùlùmí ni ó dú u, ó sì ṣe bísímílà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Nínú Súrà Bákárà, àáyà 168, ohun méjì ni Ọlọ́hun so pọ̀: kí oúnjẹ wa jẹ́ ẹ̀tọ́, kí ó sì jẹ́ ohun tí ó dára. Bísímílà kò wo ẹran aláìsàn sàn.

Ìdí nìyí tí olùyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ wà ní odò ẹran. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí a tó dú màlúù, yóò wò ó ní ìdúró àti ní ìrìn: ṣé ó ń wúkọ́, ṣé ó rù kan egungun? Lẹ́yìn tí a bá dú u, yóò fi ọwọ́ tẹ fùkù àti ẹ̀dọ̀ki, yóò sì fi ọ̀bẹ la àwọn kókó ọrùn àti ti àyà. Bí ó bá bá ohun tí ó dà bí wàràkàṣì nínú kókó, yóò fura sí ikọ́ ife. Bí àrùn bá wà lójú kan, ojú kan náà ni yóò gbà. Bí ó bá ti tàn ká ara, gbogbo ẹran náà ni a ó sun tàbí kí a rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀.

Alápatà yóò wí pé, "Owó mi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi. Màlúù tí a rà láwìn ní ọjà Kárà, lẹ́bàá odò Ògùn, tí a wá ní kí a rì mọ́lẹ̀, àdánù ńlá ni. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé fùkù pamọ́ kí olùyẹ̀wò tó dé, tí àwọn mìíràn sì ń pa ẹran ní ẹ̀yìnkùlé lóru. Ṣùgbọ́n alápatà fúnra rẹ̀ ni àrùn náà lè kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ó ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ símú.

Ní ọdún 2023, àrùn anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà àríwá Gánà. Ẹran kú, ènìyàn náà kú. Ní oṣù keje ọdún kan náà, a rí i ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Òkú ẹran tí anthrax pa, a kì í tilẹ̀ la inú rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú Súrà Mọ́ídà, àáyà 3, tí ó ti fi òkú ẹran ṣe èèwọ̀ fún wa!

Ànọ́bì wa pẹ̀lú yẹ ọjà wò. Nínú hadīth tí Imām Muslim gbà wá, ó ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ni. Ànọ́bì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kọ atannijẹ lẹ́gbẹ́. Oúnjẹ tí òjò pa nìyẹn o. Kí ni a ó wá wí nípa fùkù tí àrùn ti jẹ?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn alápatà inú wa máa dá owó díẹ̀ jọ lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí wọ́n bá gba ẹran rẹ̀ má baà ṣubú. Èkejì, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ odò ẹran lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Kí a lọ bá ti Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ifọ̀, kí a béèrè olùyẹ̀wò, omi tí ó mọ́ àti iná. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù wa kọ ẹran ẹ̀yìnkùlé, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó, pàápàá nígbà wàlímà àti ìsọmọlórúkọ.

Kí Ọlọ́hun fi ohun ẹ̀tọ́ tí ó dára bọ́ wa. Āmīn.