Omi Ni Kí A Kọ́kọ́ Yà: Kọ̀ǹpútà àti Àwòrán Balùwẹ̀

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi mú balùwẹ̀ fún ọ̀rọ̀ lórí fífi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé, nígbà tí pálọ̀ wà, tí ilé ìdáná wà. Èsì mi kò gùn. Bí àwòrán yàrá ìsùn bá kù díẹ̀ káàtó, ibùsùn la ó sún sí kọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ti balùwẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, ògiri la ó fọ́, páìpù la ó hú.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èèyàn ti ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Ní 1963, Ivan Sutherland, akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ètò ìyàwòrán Sketchpad jáde, ó sì ń fi gègé oníná fa ìlà lójú kọ̀ǹpútà. AutoCAD dé ní 1982, SketchUp dé ní 2000. Èyí tí mo fẹ́ lò níwájú yín lónìí ni Sweet Home 3D, iṣẹ́ ọwọ́ Emmanuel Puybaret, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé lè gbà á kí ó tó sùn lálẹ́ òní. Lójú kọ̀ǹpútà, apá òsì ni àwọn ẹrù ilé wà. Apá ọ̀tún lókè ni à ń fa ògiri sí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ilé náà ń dìde bí a ṣe ń yà á. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà, torí pé ohun tó bá ti dára lójú kì í jẹ́ kí a béèrè ìwọn.

Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀kan. Balùwẹ̀ yàrá tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì ni, irú èyí tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ń kọ́ káàkiri ìlú wa. Onílé ní kí ó jẹ́ mítà 1.5 ní mítà 2.3. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá yóò tẹ 1.5, yóò tẹ 2.3, ó parí. Ṣùgbọ́n ìlà tí Sweet Home 3D ń fà, àárín gbùngbùn ògiri ni ó ń gbà kọjá. Bí ògiri bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 6, ìyẹn mìlímítà 150, ìdajì ògiri ọ̀tún yóò wọ inú balùwẹ̀, ìdajì ògiri òsì yóò wọ̀ ọ́. Mítà 1.5 ti di 1.35. Kò tíì tán o. Bíríkìlà yóò rẹ́ ògiri, onítáìsì yóò lẹ táìsì. Ẹ jẹ́ kí a fi mìlímítà 25 sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù fún èèyàn láti fi ara yí sí ni mítà 1.3. Lápá gígùn, 2.3 ti di 2.1.

Kí ni sẹ̀ǹtímítà 20 já mọ́? Ẹ gbé WC sí ìdí ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Láti ara ògiri dé imú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 680. Ká ní mítà 1.5 pé ni, 820 ni ìbá kù níwájú rẹ̀, ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní 700 ìbá sì ṣí wọlé láìkan nǹkan kan. Nínú mítà 1.3, 620 péré ló kù. Ilẹ̀kùn yóò lọ forí sọ WC. Káfíńtà ni gbogbo ilé yóò máa bú, káfíńtà kò sì mọwọ́mẹsẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le: ìwọn inú, lẹ́yìn táìsì, ni kí a mú ní ìpìlẹ̀, kí a wá fi sísanra ògiri, ti rírẹ́ àti ti táìsì lé e kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kí ilẹ̀kùn sì ṣí síta. Mo fara mọ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta fún ìdí mìíràn pẹ̀lú. Bí àgbàlagbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọlé, ara rẹ̀ gan-an ni yóò dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ gbà á là.

Ta ló ń fúnni ní àwọn ìwọn wọ̀nyí? Ara èèyàn ni. Ní 1966, Alexander Kira ti Yunifásítì Cornell tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní *The Bathroom*. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí èèyàn ṣe ń wẹ̀, bí ó ṣe ń bọ́jú, bí ó ṣe ń jókòó àti bí ó ṣe ń dìde. Ẹjọ́ tó rò níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun èlò balùwẹ̀ kò bá ara mu, àṣà àwọn tó ń ṣe wọ́n ni wọ́n tẹ̀ lé. Òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò ní kí àárín WC fi íǹṣì 15 jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí íǹṣì 21 sì ṣófo níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera nílò nǹkan bí mítà 1.5 láti yí po. Ìwọn dáadáa ni, mo sì ń lò wọ́n.

Àmọ́ ẹ ṣí àpótí balùwẹ̀ tó bá Sweet Home 3D wá. Ẹ óò bá bàfù níbẹ̀, ẹ óò bá ṣáwà, WC àti básíìnì. Ẹ kò ní bá korobá ìwẹ̀. Àwọn tó kó ẹrù náà jọ ń gbé níbi tí omi ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru. Nílé tiwa, ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti rí bàfù olówó ńlá tó di ibi tí à ń pọn omi pamọ́ sí? Ẹni tó ń fi korobá wẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, á bu omi, á nàró, á tún bẹ̀rẹ̀. Ibi ìwẹ̀ oní sẹ̀ǹtímítà 90 níhà gbogbo, tó tó fún ẹni tó dúró sábẹ́ ṣáwà, yóò há mọ́ ọn. Èmi máa ń fún un ní 120. Nínú balùwẹ̀ tí a ń yà yìí, 120 fún ìwẹ̀ àti 76 fún WC (íǹṣì 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan) ti jẹ 196 nínú 210. Básíìnì kò ráyè mọ́. Mo ní kí ó bọ́ síta, sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan lè máa wẹ̀ nínú, kí ẹlòmíràn máa bọ́jú níta, ìjà àárọ̀ á sì dín kù. Bí àwọn onílé bá ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀rọ omi kan nísàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ lè dé, kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Dúrọ́ọ̀mù omi náà ní àyè tirẹ̀: ó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 58, ẹ má sì jẹ́ kí ó dí fèrèsé.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kì í fi hàn yín ni omi ìdọ̀tí. Ilẹ̀ tó yà sójú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ balùwẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín mítà 1.5, kí ó fi nǹkan bí mìlímítà 30 rẹlẹ̀ lọ sí ihò omi. Ìdí nìyí tí n kò fi gba táìsì oní sẹ̀ǹtímítà 60 ní 60 fún ibi ìwẹ̀, bó ti wù kí ó dán tó lójú àwòrán: kò ṣeé tẹ̀ sí ihò láìgé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nílé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Balùwẹ̀ òkè, orí balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ni kí ó wà. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé e sórí pálọ̀, tí àjà pálọ̀ fi ń sun omi sórí àlejò. Nítorí náà, kí ẹ tó fa ògiri kan, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà ibi tí páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ yóò gbà dé ṣọ́kàwé. Ògiri lè yà fún páìpù. Bí páìpù bá ní láti yà fún ògiri, dídí ló ń dí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Sweet Home 3D ń gba ẹrù tuntun tí ènìyàn bá fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ ya korobá fún wa, ẹ ya búútà, ẹ ya dúrọ́ọ̀mù àti àpótí ìjókòó ìwẹ̀, pẹ̀lú ìwọn wọn tó péye, kí ẹ sì fi wọ́n síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin onílé, bí wọ́n bá gbé àwòrán aláràbarà wá bá yín, ẹ pe púlọ́ḿbà wá wò ó kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù.