"GO OFF": Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀ fún Ọmọ Yorùbá



Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ tí ń pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ní Ìjọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí di òní, bí iná bá lọ ní àdúgbò náà, àwọn ènìyàn a máa wí pé NEPA ti mú iná lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972 yìí kò ti sí mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ yóò wí pé "the light has gone off". "Go off" yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

"Go" ni lọ. "Off" jẹ mọ́ kúrò. Ẹni tí ó bá gbára lé èyí nìkan yóò ṣìnà. Iná tí ó bá "go off" kú. Ẹja inú yàrá yìnyín tí ó bá "go off" rà. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó bá "go off" dún, agogo ìkìlọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀rọ̀ tí ó pa iná ni ó la agogo lẹ́nu.

Ewu wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ pé "the alarm has gone off", tí ó fi ti iná wò ó, lè rò pé agogo ti dákẹ́, kí ó sì jókòó nígbà tí ó yẹ kí ó sá.

Kí a má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín. Nínú "ó tàn mí jẹ", kò sí ẹni tí ó tan iná, kò sì sí ẹni tí ó jẹun. Ayọ̀ Bámgbóṣe ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀-ìṣe elélà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966. Ìyàtọ̀ kan ni pé "off" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwa tí a ní "pa iná" ni a sọ ọ́ di ọ̀kan, tí a fi ń wí pé "off the light".

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe kọ́ni ní "go off" lásán; kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ni ó "go off"? Kí ilé iṣẹ́ sì kọ ìkìlọ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú: "Bí agogo bá dún, ẹ jáde."